Kí Ni Kí N Pè Wọ́n? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Pe Obìnrin Tí A Kò Mọ̀ Rí ní Ìkòròdú

Ìkòròdú ti kúrò ní ìlú tí gbogbo ènìyàn fi mọ ilé bàbá ara wọn. Láti Ògólóńtò dé Odògúnyán, láti Ìgbógbó dé Ìmọ́tà, ẹni tí a kò mọ̀ rí la jọ ń ná ọjà, òun la jọ ń wọkọ̀, òun la jọ ń tò ní ọsibítù. Bó bá jẹ́ obìnrin, ìpè tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu wa ti bu ọjọ́ orí fún un, ó ti wá ọkọ fún un, ó sì ti kà á mọ́ abiyamọ. Èrò tiwa ni pé obìnrin kò jẹ àjèjì ní gbèsè ìròyìn nípa ọkọ tàbí ọmọ rẹ̀, àti pé èdè wa ti ní ọ̀nà tí a lè gbà bọ̀wọ̀ fún un láìtọ́ ìyẹn wò rárá. A kọ àwọn ìdáhùn yìí fún ẹni tó ń tajà, ẹni tó ń wakọ̀, òṣìṣẹ́ ìlera, oníṣẹ́ ọwọ́, onílé àti agent, àti fún àwọn obìnrin fúnra wọn.

Obìnrin kan dúró níwájú mi, n kò mọ̀ ọ́n rí. Kí ni kí n pè é?

Ẹ kí i. Kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí Yorùbá kò ní ìkíni fún, ọ̀wọ̀ sì ti wà nínú ìkíni náà. Ohun tí ojú yín rí nìkan ló ń sọ. Obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ní Benson: “Ẹ kú ìdúró mà.” Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bùtè: “Ẹ kú ìrìn o.” Ẹni tó jókòó ti ọjà rẹ̀: “Ẹ kú ọjà, ajé á wá o.” Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: “Ẹ kú iṣẹ́.” Ẹni tó jókòó síbi tí ẹ bá a: “Ẹ kú ìjókòó.”

Lẹ́yìn ìkíni, ẹ lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀ tí ẹ ní í sọ. “Ẹ kú ìdúró mà. Ẹ dákun, báàgì yín ṣí sílẹ̀.” Nínú gbólóhùn yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì di Màmá, ẹnikẹ́ni kò tíì di ìyàwó, obìnrin náà sì mọ̀ pé ọmọlúàbí ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pè é láti ọ̀nà jíjìn tí kò lè gbọ́ ìkíni, ẹ pe ohun tó wọ̀ tàbí ohun tó gbé: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé báàgì pupa, owó yín já bọ́ o!” Ìyẹn dára ju kí ẹ pariwo “Ìyá Ọmọ!” kí obìnrin mẹ́fà jọ wẹ̀yìn lọ.

Ṣé “Àǹtí” àti “Màmá” wá di èébú ni?

Rárá o. “Àǹtí” ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ẹni ogún ọdún lè jẹ́ ẹ, ẹni àádọ́ta náà lè jẹ́ ẹ, kò sì bèèrè bóyá onítọ̀hún ti lọ ilé ọkọ. “Màmá” ló gba ìfarabalẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí là ń wò tí a fi ń pe ènìyàn ní Màmá. Aṣọ là ń wò. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ dáńfó tó ń lọ sí Mile 12. Obìnrin méjì tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé lọ́dún kan náà wọlé. Ọ̀kan ró ìró, ó wé gèlè, ó pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn. Èkejì wọ ṣòkòtò jíìnsì, ó fi báàgì kọ́ èjìká. Kọ́ńdọ́ á sọ fún ẹni àkọ́kọ́ pé, “Màmá, ẹ sún sínú díẹ̀.” Á yíjú sí èkejì: “Sístà, owó ẹ dà?” Ìró ọ̀kan ti sọ ọ́ di àgbà tí à ń fi ẹ̀yin bá sọ̀rọ̀, ṣòkòtò èkejì sì ti sọ ọ́ di ọmọdé tí à ń sọ “owó ẹ” fún. Kọ́ńdọ́ náà kò ní ibi lọ́kàn. Àmì ló ń tẹ̀ lé: gèlè, ọmọ ẹ̀yìn, ara tó sanra, híjáàbù, òrùka ìka. Kò sí èyí tó ń sọ òótọ́ nípa ọjọ́ orí nínú wọn.

Ohun tí a máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn ni kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àǹtí” àyàfi tí obìnrin náà bá tó bí i lọ́mọ láìsí àníàní. Láti ibi Àǹtí, ó rọrùn láti gòkè lọ sí Màmá bí obìnrin náà bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ ti pè ní Màmá níwájú èrò ọkọ̀, tí ẹ wá padà pè ní Àǹtí, ti mọ̀ pé ojú àgbà lẹ kọ́kọ́ fi wo òun.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ìyá tí irun rẹ̀ ti funfun, tó ń fọ̀pá rìn, kò yẹ kí ọmọdé máa pè é ní Àǹtí tàbí Sístà kí ó lè rò pé òun ń pọ́n ọn lé. “Màmá” tàbí “Ìyá” ló tọ́ sí i. “Ìyá arúgbó” ni kí ẹ má sọ.

Bí ọjọ́ orí wa bá dọ́gba ńkọ́? Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ sọ “ẹ”?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí ẹ kò mọ̀ rí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, “ẹ” ni. Ẹ dúró síbi tí wọ́n ti ń ra káàdì tàbí tí wọ́n ti ń gbowó ní POS, kí ẹ tẹ́tí: ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún á gba “ẹ jọ̀ọ́”, “ẹ mú owó yín”, obìnrin tó tó bẹ́ẹ̀ á gba “wò ó”, “fún mi ní nọ́mbà ẹ”. Ẹni tó ń sọ ọ́ lè má mọ̀ pé òun ń ṣe ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ wa kò ya akọ yàtọ̀ sí abo, “ó” ni gbogbo wa, àgbà àti ọmọdé ló ń yà. Nígbà tí a bá wá ń fi “ìwọ” bá obìnrin sọ̀rọ̀, tí a ń fi “ẹ̀yin” bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀, a ti kà á mọ́ ọmọdé nìyẹn.

Ẹ fi ọkàn sí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà. Wọ́n kéré lóòótọ́, “ìwọ” ni wọ́n, ṣùgbọ́n “Ìwọ yìí! Ìwọ!” kì í ṣe ọ̀nà tí à ń gbà pe ọmọ ẹlòmíràn. “Àbúrò, wá” ti tó.

Àfikún kan: Ìkòròdú kún fún àwọn tó wá láti ibi gbogbo. Nínú ẹ̀ka-èdè Èkìtì àti ti Oǹdó, ènìyàn lè fi “ìwọ” bá àgbà sọ̀rọ̀ láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Bí ìyá kan láti ibẹ̀ bá bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ka á sí èébú.

Àdúrà ni “Ìyá Ìbejì”. Kí ló dé tí ènìyàn á fi bínú sí àdúrà?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fi agídí bi wá jù, a sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ló ń pe obìnrin ní “Ìyá Ìbejì”, “Ìyá Ọmọ”, “Mọ̀mí” pẹ̀lú ọkàn rere. Alákàrà, aláta, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ láti fi fa ojú oníbàárà mọ́ra, bíbí sì ń dùn mọ́ wa ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ wá wo ẹni tó ń gbọ́ ọ. Nínú obìnrin mẹ́wàá tó bá kọjá níwájú ìsọ̀ yín ní Sábó, ẹ kò mọ ẹni tó ń wá ọmọ láti ọdún kẹjọ, ẹ kò mọ ẹni tí oyún bà jẹ́ mọ́ lára lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kò mọ ẹni tó sin ọmọ, ẹ kò mọ ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní bí, ẹ kò sì mọ ẹni tí dókítà ti gbé ilé ọmọ rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn kò ní sọ fún yín. Á rẹ́rìn-ín, á san owó ata, á sì lọ. Lọ́la, á gba ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn ni àwọn ọlọ́jà kò fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: wọn kì í rí ẹni tó bínú, ẹni tí kò wá mọ́ nìkan ni, òun náà sì ti lọ láìfọhùn.

Bí ó bá jẹ́ pé àdúrà lẹ fẹ́ ṣe, àdúrà tó bá gbogbo ènìyàn mu pọ̀. “Ẹ ó ṣe é rere.” “Ire á kàn yín.” “Ọlọ́run á gbọ́ tiyín.” Ohun tí obìnrin náà fẹ́ lọ́kàn ni yóò ṣe àmín sí. Àdúrà ọmọ wà fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ní kí ẹ bá òun ṣe é.

A kò sọ pé kí ẹ má pe ìyá ní ìyá. Obìnrin tí ẹ mọ ọmọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sìkírù, Ìyá Sìkírù ni, inú rẹ̀ a sì máa dùn sí i. Bákan náà, “ìyá” tó wà nínú oyè kò ka ọmọ ẹnikẹ́ni: Ìyálọ́jà, Ìyá Ìjọ, Ìyá Sùnnà. Nígbà tí wọ́n fi Ẹfúnróyè Tinúbú jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti agbára rẹ̀ ni wọ́n wò.

Ní ọsibítù, “Mummy” ni a ń pe gbogbo obìnrin tó bá wá. Báwo ni a ṣe fẹ́ yí i padà pẹ̀lú èrò tó pọ̀ tó yìí?

Ibi tí ìpè ti lè ṣe ìpalára gidi nìyí, kì í ṣe ti ọkàn nìkan. Bí nọ́ọ̀sì bá ké pe “Mummy, ẹ máa bọ̀” nínú yàrá tí obìnrin ogún jókòó sí, ẹni mẹ́ta lè dìde. Ẹni tó sún mọ́ ọ̀nà jù á wọlé. Bí wọ́n bá pè é ní “Mummy” títí tí wọ́n fi fún un ní abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá òun ló ni káàdì tó wà lórí tábìlì. Ìlànà tí gbogbo ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n fi ohun méjì dá aláìsàn mọ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn tàbí kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: orúkọ rẹ̀ kíkún àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Òun gan-an ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má bi í pé “Ṣé ẹ̀yin ni Fọ́láṣadé?” nítorí ẹni tí ó rẹ̀, tí kò gbọ́ dáadáa, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ní, “Ẹ dákun, ẹ sọ orúkọ yín fún mi, àti ọjọ́ tí wọ́n bí yín.”

Ní ti bí a ṣe ń pè wọ́n, ìṣẹ́jú kan péré ló gbà. Níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ẹ bèèrè pé, “Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí a máa pè yín?” Ẹ kọ ohun tó bá sọ sórí káàdì lókè pátápátá, ní lẹ́tà ńlá, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní ọ̀sán lè rí i. Ibi tí èyí ti máa ń bà jẹ́ ni pé wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé mìíràn tó yàtọ̀ sí káàdì, káàdì á lọ sí yàrá dókítà, ìwé á dúró lórí tábìlì, ó sì di “Mummy” padà. Níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́mbà pe ènìyàn, nọ́mbà náà dára púpọ̀. Ẹ má so àìsàn mọ́ ìpè: “Ẹni tó wá nítorí ọmọ” kò yẹ kó jáde lẹ́nu òṣìṣẹ́ létí èrò.

Níbi àjẹsára ọmọ, ẹni tó gbé ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 tàbí 14 lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìyá àgbà, àǹtí, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí ẹ bá kàn ní “Mummy, ṣé ọmọ ń mu ọyàn dáadáa?”, àbúrò ìyá rẹ̀ á sọ èyí tó bá wá sí i lọ́kàn, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni, “Kí lẹ jẹ́ sí ọmọ yìí?”

Èyí tó wúwo jù ni obìnrin tí oyún rẹ̀ bà jẹ́ tàbí tí ọmọ rẹ̀ kú sínú. Ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú àwọn aláboyún tó ń kọrin àárọ̀. Bí yàrá kò bá sí, ẹ wá àga kan sí ọ̀nà ibòmíràn fún un, kí ẹ fi àmì kan tí gbogbo yín mọ̀ sórí káàdì rẹ̀ kí ẹni tó ń wọn ìfúnpá má baà bi í pé, “Mummy, oyún di oṣù mélòó?” Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ pè é.

Mò ń tajà ní Sábó, “ìyàwó mi” ni mò ń pe gbogbo kọ́sítọ́mà mi obìnrin, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín. Kí ló burú níbẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín ni inú rẹ̀ dùn. Obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ sọ́wọ́, tó fẹ́ ra ẹran kó sì tètè padà sílé, mọ̀ pé bí òun bá bínú, owó á lé lórí, àwọn ará ìsọ̀ ìtòsí á sì ní agbéraga ni. Ẹ̀rín ló ná an ní owó tó kéré jù.

Nínú àṣà wa, ìyàwó ní ilé tó ti jẹ́ ìyàwó. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọbìnrin, wọ́n sì lè pè é ní ìyàwó. Òun náà kì í pe orúkọ wọn ní ṣákálá: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, òun ló máa ń sọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé méjèèjì ló ń fún ara wọn lórúkọ, méjèèjì ló sì ní ojúṣe sí ara wọn. Alápatà tí kò mọ ilé ẹni kò sí nínú rẹ̀.

Bí kọ́sítọ́mà bá ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín, tí òun fúnra rẹ̀ ń pè yín ní “ọkọ mi” tí ẹ jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń sọ ni ti ẹni tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀: bó bá gbójú kúrò, tó jẹ́ pé iye owó nìkan ló ń dáhùn, tó sì gbọ́wọ́ sẹ́yìn nígbà tí ẹ fẹ́ fún un ní ṣéńjì, kò fẹ́ ẹ. “Kọ́sítọ́mà mi, ẹ káàbọ̀” ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí “ìyàwó mi” ń ṣe, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí i.

Ẹni tó bo orí, ṣé Àlhájà ni kí n pè é?

Àlhájà ni obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà. Wọ́n ná owó gọbọi, wọ́n sì rìn ín dójú àmì. Mùsùlùmí tí kò tíì lọ lè máa tijú bí ẹ bá ń pè é bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, Kírísítẹ́nì tó wé ìborùn nítorí oòrùn á sì máa ronú ohun tí ẹ rí lára òun. “Ẹ kú ìdúró mà” bá àwọn méjèèjì mu. Bákan náà ni “Mummy” tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ fi í sílẹ̀ fún inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Obìnrin ló ni mọ́tò, ọkùnrin ló tẹ̀ lé e wá. Ta ni kí mẹkáníìkì bá sọ̀rọ̀?

Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. A ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé owó ló máa ń bá a lọ. Obìnrin wa mọ́tò rẹ̀ dé, àbúrò rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo ọmọkùnrin náà lójú: “Ọ̀gá, plọ́ọ̀gì yín ti kú o.” Ọmọkùnrin náà kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì gbẹ̀yìn, kò mọ̀ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n ra tuntun, kò mọ̀ pé àárọ̀ nìkan ni mọ́tò náà máa ń kọ̀. Ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni kò bi í. Wọ́n ra plọ́ọ̀gì, mọ́tò tún kọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjà dé.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: “Ta ló máa ń wa mọ́tò yìí?” Ẹni tó bá dáhùn ni kí ẹ bi léèrè ohun tí mọ́tò ń ṣe, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí wọ́n ti tún ṣe tẹ́lẹ̀. Òun ni kí ẹ fi pátì tó bàjẹ́ hàn, òun ni kí ẹ sọ iye owó fún. Oníná, púlọ́ńbà àti ẹni tó ń tẹ́ táìlì, tiyín náà nìyí. “Ẹ pe ọ̀gá wá kí a jọ sọ̀rọ̀” kò yẹ kó jáde lẹ́nu yín ní ilé tí obìnrin ti ṣílẹ̀kùn fún yín. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń sanwó, òun fúnra rẹ̀ á sọ.

Mo ní ilé tí mò ń fi fún ayálégbé. Ṣé n kò lè bèèrè ọkọ obìnrin tó fẹ́ gbà á?

Kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an? Bó bá jẹ́ pé owó ilé lẹ̀rù ń bà yín sí, ẹ bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe àti onídùúró. Bó bá jẹ́ ariwo tàbí èrò, ẹ bèèrè iye ènìyàn tí yóò máa gbé ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ọkùnrin àpọ́n tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀. “Ọkọ yín ńkọ́?” kò dáhùn èyíkéyìí nínú wọn: obìnrin tó lọ́kọ lè jẹ gbèsè, èyí tí kò lọ́kọ lè san owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé agent á gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ obìnrin tó dá wá, pé “nítorí pé kò sí ọkùnrin lẹ́yìn yín.” Ẹ̀yin obìnrin, Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, Ìkòròdú sì wà lábẹ́ òfin náà. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n kọ orúkọ yín sí, kì í ṣe orúkọ bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin tó sìn yín wá.

Ta ni nọ́ọ̀sì, ta ni dókítà?

Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Obìnrin tó wọ kóòtù funfun lè jẹ́ dókítà, apòògùn tàbí onílàábù. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awólíyì ti gba ìwé ẹ̀rí ìṣègùn láti 1938, ó sì padà wá tọ́jú aláìsàn ní Nàìjíríà, nítorí náà dókítà obìnrin kì í ṣe ohun tuntun. “Ẹ kú iṣẹ́ mà, ta ni dókítà tí yóò rí wa?” kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Fọ́ọ̀mù ní kí n mú Miss tàbí Mrs. Ṣé dandan ni?

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìjọba Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn ti ní kí àwọn ọ́fíìsì wọn má fi “Fräulein”, ìyẹn Miss tiwọn, pe obìnrin tó ti dàgbà mọ́ láti 1972. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n yọ “Mademoiselle”, Miss tiwọn náà, kúrò nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ní 2012. Bí Ms bá wà nínú fọ́ọ̀mù, ẹ lè mú un, kò sọ bóyá ẹ ti lọ́kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà ní Yorùbá, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kíkún, kí ẹ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú bó bá ní in: Dókítà, Agbẹjọ́rò, Olùkọ́. “Omidan” àti “Ìyáàfin” wà fún ẹni tó sọ fún yín pé òun fẹ́ ẹ. Ẹ má sì fi orúkọ ọkọ rọ́pò orúkọ bàbá fúnra yín. Ohun tó bá wà lórí NIN rẹ̀ ni báńkì mọ̀. Ẹni tó kọ sọ́wédowó ní orúkọ ọkọ tí obìnrin náà kò tíì fi ìwé ìbúra àti ìkéde ìwé ìròyìn yí padà ti dá a padà sílé lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ọmọkùnrin tó ń tajà ń fa obìnrin lọ́wọ́, wọ́n ń pe “Òróbó”, “Lẹ́pa”, “Yẹ́lò”, “Fáìn gẹ̀ẹ́lì”. Kí ni ṣíṣe?

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ọjà yín ni kí ẹ polówó. “Ẹ wá wo bàtà, mà” ń pe oníbàárà. “Yẹ́lò, wá” ń lé e. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ara ẹnikẹ́ni, kódà bó bá jẹ́ láti fi ọ̀nà ìsọ̀ hàn án. Ọ̀gá tó gba ọmọ iṣẹ́ ni kó sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fà: ẹ sọ ọ́ sókè, ní gbólóhùn kúkúrú, “Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀.” Ẹ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ obìnrin ọlọ́jà tó sún mọ́ yín. Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ẹgbẹ́ lágbára lórí ẹni tó ní ìsọ̀. Alága gáréèjì náà lágbára lórí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ mú nọ́mbà ìsọ̀ tàbí nọ́mbà ọkọ̀ dání. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ dá sí i.

Bó bá di pé ẹnì kan ń fi ìbálòpọ̀ yọ yín lẹ́nu, pàápàá níbi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́, Òfin Ìwà Ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí i. Àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ti ìbálòpọ̀, DSVA, ń gba ìpè lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 08000333333. Fún pàjáwìrì, 112 tàbí 767.

Mo ti pe ènìyàn ní ohun tí kò fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

“Ẹ má bínú mà.” Kí ẹ pè é ní ohun tó sọ, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ ni àlàyé: “Mo rò pé ẹ ti bímọ ni,” “Ẹ ò dà bí ẹni tí kò lọ́kọ.” Ọ̀rọ̀ kan tó ṣì ẹnu ti wá di ìwádìí.

Báwo ni obìnrin ṣe lè tún un ṣe láìjà?

Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ má sọ ìdí. “Àǹtí ni kí ẹ máa pè mí, ẹ ṣeun.” “Ṣadé lorúkọ mi.” Bí ẹ bá ní “Mi ò tíì bímọ,” ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún “Kí ló fà á?” Bó bá tún pè yín bẹ́ẹ̀, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ohùn kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè lọ ra ọjà níbòmíràn, ó sì dára kí ẹ sọ fún un pé ìdí tí ẹ fi ń lọ nìyẹn. Ìyá àgbà tó ń pe gbogbo ayé ní “ọmọ mi” ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó máa pè.

Lórí fóònù ńkọ́? Oníṣẹ́ ìfijíṣẹ́ ni mí, n kò rí ojú ẹni tí mò ń pè.

Orúkọ ẹni tó ni ẹrù wà lára ẹrù. “Ẹ káàsán o. Ṣé Adébísí Rukayat ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Mo ti wà ní Ìta Ẹlẹ́wà pẹ̀lú ẹrù yín.” Ẹ má fi ohùn mọ ọjọ́ orí, ẹ má sì fi orúkọ mọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Bí ọkùnrin bá gbé ìpè náà, ẹ má sọ fún un pé “Ẹ bá mi fún madam yín” tàbí “Ṣé ìyàwó yín wà nílé?” Ẹ bèèrè ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ẹrù. Bí òun kò bá sí nílé, ẹ bèèrè ẹni tó ní kí ẹ fún, kí ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún àti aago tó gbà á sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò lẹ́nu géètì.